Ìpara Méjì Tí A Fún Oníbúlọ́ọ̀kù

Ọkùnrin kan wà, búlọ́ọ̀kù ni ó ń mọ jẹun. Ẹ̀bá títì ni ọgbà rẹ̀ wà, níbi tí ọ̀nà ìlú ti pàdé ọ̀nà oko. Ó ní ẹ̀rọ tí ó fi ń tẹ búlọ́ọ̀kù, ó ní kànga kan, ó ní òkìtì yanrìn méjì. Ìyàwó rẹ̀ kú nígbà tí ọmọ wọn kan ṣoṣo wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin. Obìnrin ni ọmọ náà. Ìyá rẹ̀ ni ó sọ ọ́ ní Àjọkẹ́ kí ó tó lọ. Orúkọ náà ní kí wọ́n jọ máa kẹ́ ẹ. Ẹnì kan lọ, ó ku ẹnì kan.

Ọkùnrin yìí kì í ṣe òpònú, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Mo fẹ́ kí o mọ èyí kí n tó lọ síwájú, arákùnrin mi, nítorí pé àwa tí a ń gbọ́ ìtàn a máa yára wá ẹni búburú inú rẹ̀. Kò sí ẹni búburú nínú eléyìí. Kì í mu ọtí. Kì í pa ìsìn jẹ. Búlọ́ọ̀kù rẹ̀ dára ju ti gbogbo àwọn tí ó wà lójú títì náà lọ, ohun kan ṣoṣo ni ó sì fi jù wọ́n: ó ní sùúrù omi.

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà yóò rò pé bí a bá ti po sìmẹ́ńtì mọ́ yanrìn, tí a tẹ̀ ẹ́, tí a tò ó sí oòrùn, ó parí. Kò parí. Búlọ́ọ̀kù tí a fi sílẹ̀ fún oòrùn, òde rẹ̀ nìkan ni ó ń le. Bí o bá gbé e, á rún sí ọ lọ́wọ́ bíi bísíkíìtì. A ní láti máa bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ó kéré tán fún ọjọ́ méje. Omi lásán ni. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ a máa bu omi sí tiwọn lẹ́ẹ̀kan, wọn a fi sílẹ̀. Òun kì í fi sílẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, á gbé korobá, á máa wọ́n omi, á sì máa fi orin ìyìn lé e.

Kò tíì pé ọdún kan tí ìyá ọmọ kú tí àléfọ́ fi mú ọmọ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ ní kọ̀rọ̀ ìgbọ̀nwọ́, ó lọ sí ẹ̀yìn orúnkún, ó gun ọrùn. Awọ ibẹ̀ pọ́n, ó gbẹ, ó ń ṣí bí èèpo, ó sì ń yún un. Yíyún náà kò jẹ́ kí ó jókòó jẹ́ẹ́. Á máa ha á títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dé. Bí ilẹ̀ bá mọ́, bàbá á rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ ìbora, á fọ̀ ọ́ kí ó tó lọ bomi rin búlọ́ọ̀kù. Ní ilé ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ sún kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì.

"Ẹja gbígbẹ! Má fọwọ́ kàn mí o, kó má ràn mí!"

Àléfọ́ kì í ràn. Ta ni yóò sọ fún wọn?

Ẹnì kan nínú ìjọ ní ọwọ́ ayé ni, àwọn ará ilé ìyá rẹ̀ ni kí wọ́n bi léèrè. Òmíràn ní kí wọ́n fi ọṣẹ tí ó mú àti kànìnkànìn fọ̀ ọ́ dáadáa. Wọ́n fọ̀ ọ́, ó burú sí i. Bàbá gbààwẹ̀, ó gbàdúrà. Ọlọ́run gbọ́, nítorí pé ó rán an sí ẹnu ọ̀nà tí ó tọ́. Bí Ó ṣe ń dáhùn nígbà púpọ̀ nìyẹn. Á fi ẹnu ọ̀nà hàn ọ́, á wá fi ẹsẹ̀ rẹ sílẹ̀ fún ọ.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan wà ní ilé ìwòsàn ibẹ̀, obìnrin tí ó ń fi òkè awò ojú rẹ̀ wo ènìyàn. Ó yí apá ọmọ náà síwá sẹ́yìn.

"Kí lorúkọ ẹ, ìyá mi?"

"Àjọkẹ́, mà."

"Àjọkẹ́! Àwọn wo ló jọ ń kẹ́ ẹ?"

Ọmọ náà wo bàbá rẹ̀. Bàbá ní, "Ìyá ẹ̀ ti ṣaláìsí, mà. Ó ku èmi nìkan."

Nọ́ọ̀sì dìde. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó mú ohun méjì jáde: ìpara inú rọ́bà kékeré kan tí kò ju ìka lọ, àti òmíràn nínú ike ńlá. Ike ńlá ni ó gbé lé bàbá lọ́wọ́.

"Ó dáa. Ẹ̀yin àti eléyìí lẹ jọ máa kẹ́ ẹ."

Lẹ́yìn náà ó ṣàlàyé. Ó ní oògùn ni ìpara kékeré, ó sì lágbára. Ibi tí ó pọ́n tí ó ń yún nìkan ni kí wọ́n fi í sí, ní tínínrín. Èyí tí ó gùn tó oríkèé àkọ́kọ́ ìka ìfábẹ̀là tó fún ibi tí ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì. Bí ara bá ti rọ̀, tàbí tí ó bá ti di ọjọ́ méje, kí wọ́n dáwọ́ dúró. Bí ó bá tún yọ, kí wọ́n mú ọmọ wá kí òun wò ó. Ṣùgbọ́n ìpara inú ike ńlá, gbogbo ọjọ́ ni. Bí ọmọ bá wẹ̀ tán, tí omi kò tíì gbẹ tán lára rẹ̀, kí wọ́n fi pa á láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ìgbà tí ara ń yún un àti ìgbà tí kò yún un. Bí ó bá tán, kí wọ́n ra òrí tí kò ní lọ́fínńdà nínú.

"Ẹ wò ó, bàbá. Panápaná lèyí kékeré. Tílé bá ń jó, a ó pè é. Tó bá paná tán, á máa lọ. Panápaná kì í gbénú ilé. Èyí ńlá yìí ló ń gbélé."

"Oògùn wo ló wà nínú èyí ńlá, mà?"

"Kò sóògùn níbẹ̀. Ọ̀rá lásán ni."

Arákùnrin mi, nínú gbogbo ohun tí obìnrin náà sọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, gbólóhùn yìí nìkan ni ọkùnrin náà gbé délé.

Ọjọ́ mẹ́ta péré, ara ọmọ náà rọ̀. Pípọ́n lọ, yíyún lọ, ọmọ sùn. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, bàbá gbé rọ́bà kékeré náà sókè níwájú ìjọ, ó jẹ́rìí. Ìjọ hó halelúyà. Kò sí ẹni tí ó bèèrè ike ńlá. Ká ní ó gbé e wá, kí ni ì bá sọ? Ẹ yin Olúwa, mo fi ọ̀rá pa ọmọ mi lánàá, màá tún fi pa á lónìí? Ta ni yóò ṣe àmín sí ìyẹn?

Lóòótọ́, ó gbìyànjú ike ńlá náà. Ọjọ́ mẹ́rin ni ó fi pa á. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì ti jẹ ọwọ́ rẹ̀. Ó ti le, ó ti sán, ó rí bí ẹ̀yìn ahun.

"Bàbá, ọwọ́ yín ń họ mí!" ni ọmọ náà wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín, nítorí pé ọmọ ọdún márùn-ún ni, ó sì fẹ́ kí wọ́n máa pa á lọ bẹ́ẹ̀.

Bàbá kò gbọ́ ẹ̀rín náà. Họ nìkan ni ó gbọ́. Ojú tì í. Ìpara kékeré kò bèèrè ju orí ìka kan lọ. Kò bèèrè àtẹ́lẹwọ́. Kò bèèrè pé kí ènìyàn jókòó, kí ó gbé ẹsẹ̀ ọmọ lé itan, kí ó gbọ́ ohun tí ọmọ rí ní ilé ẹ̀kọ́. Ó gbé ike ńlá sí ojú fèrèsé, ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kan, ọ́ìlì ẹ̀rọ rẹ̀ tán. Ẹni tí ó ń mọ búlọ́ọ̀kù ní láti fi nǹkan tí ó ń yọ̀ kun inú ẹ̀rọ, kí búlọ́ọ̀kù má bàa lẹ̀ mọ́ irin. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ojú rẹ̀ lọ sí fèrèsé. Ó ní, "Ṣebí ọ̀rá lásán ni." Ó bù ú, ó fi kun irin. Búlọ́ọ̀kù ọjọ́ náà yọ dáadáa. Ó bomi rin ín láàárọ̀, ó bomi rin ín nírọ̀lẹ́. Ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń fi ìpara òun pa irin lára.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí àléfọ́ náà padà. Bàbá kò mú un lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Kí ló tún fẹ́ lọ gbọ́? Ó mọ ohun tí ó ń ṣiṣẹ́. Ó lọ sí ilé ìtajà oògùn tí ó wà lẹ́yìn ọjà.

"Ẹ fún mi ní panápaná yẹn."

Olóògùn wo rọ́bà tí ó mú dání, ó rẹ́rìn-ín. "Iná tún ti ń jó ni?"

"Ó tún ti ń jó o, ẹ̀gbọ́n."

Láti ọjọ́ náà ni ó ti di àwàdà láàárín wọn. Bí olóògùn bá ti rí i lókèèrè, á kígbe, "Bàbá Panápaná, a kí yín o!" Wọn a jọ rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ méje di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta di gbogbo ọjọ́. Nígbà tí èyí kékeré náà kò lè pa iná náà mọ́, olóògùn mú èyí tí ó le jù ú lọ jáde, tí àwòrán obìnrin tí ó pọ́n rokoṣo wà lára páálí rẹ̀. Ìyẹn paná. Panápaná di onílé. Ó jẹun níbẹ̀, ó sùn níbẹ̀.

Ara ọmọ náà wá ń dán. Ó ń pọ́n. Àwọn ìyá ìjọ a fà á mọ́ra lẹ́yìn ìsìn.

"Àjọkẹ́ mà ń mọ́lẹ̀ o! Bàbá, kí lẹ ń fún un jẹ?"

"Ògo Ọlọ́run ni, màmá."

Kì í ṣe ògo. Awọ rẹ̀ ni ó ń tán. Ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n rí, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gba inú aṣọ tí ó ti gbó kọjá ni. Nígbà tí ó fi pé ọmọ ọdún méjìlá, iṣan apá rẹ̀ hàn ketekete bí okùn tí a dì sínú ọ̀rá. Bí ó bá kan bẹ́ǹṣì, ojú ibẹ̀ á dúdú. Ìlà pípọ́n sán sí ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, bí ìgbà tí ìpìlẹ̀ ilé bá ń rì. Ọkùnrin tí wọ́n máa ń pè kí ó wá wo ìdí tí ògiri fi sán kò bèèrè ìdí tí ọmọ rẹ̀ fi ń sán.

Ọmọ náà bèèrè. Ó ní, "Bàbá, nọ́ọ̀sì ọjọ́ yẹn ní ká máa pa èyí ńlá."

"Èyí ńlá kí ni? Ọ̀rá lásán. Ṣé ọ̀rá ló wò ẹ́ sàn nígbà yẹn?"

"Rárá, sà."

"Ó dáa. Lọ mú èyí tó ń ṣiṣẹ́ wá."

Ó lọ mú un wá. Kò tún bèèrè mọ́. Arákùnrin mi, bí ọmọ bá ti dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ kan, má yára dúpẹ́ pé ó ti gbọ́ràn.

Ó wá di àkókò ọyẹ́ kan. Ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́tàlá. Ó ti ilé ẹ̀kọ́ dé, ó dúró sí ẹ̀bá òkìtì yanrìn, ó ń yọ òkúta kúrò nínú bàtà rẹ̀. Ní wákàtí náà gan-an ni típà tí ó gbé yanrìn wá ń fi ẹ̀yìn wọ ọgbà. Eruku bo gbogbo ibẹ̀. Awakọ̀ kò rí i. Bàbá rí i. Ó pariwo, "Àjọkẹ́! Kúrò níbẹ̀!" Ariwo ẹ̀rọ gbé ohùn rẹ̀ mì. Ó fò sókè, ó sáré, ó na ọwọ́, ó di apá ọmọ náà mú, ó sì fà á pẹ̀lú gbogbo agbára tí Ọlọ́run fún un.

Táyà kọjá lórí bàtà tí ó ń gbọn. Ọmọ náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti là.

Àwọn ènìyàn sáré dé, wọ́n ń kígbe pé Jésù ṣeun. Bàbá pẹ̀lú ṣí ẹnu láti dúpẹ́. Nígbà náà ni ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Awọ apá ọmọ náà ti bó sí i lọ́wọ́. Ó wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, tínínrín, ó tutù, bí èèpo inú àlùbọ́sà. Láti ìsàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́ ọmọ ni ó ṣí sílẹ̀ pípọ́n, eruku sìmẹ́ńtì sì ń bà lé e. Ọwọ́ tí ó fi gbà á là ni ó fi fà á ya.

Ọmọ náà kò sunkún. Ó wo apá rẹ̀, ó wo bàbá rẹ̀. Ó ní jẹ́jẹ́ pé, "Bàbá, ọwọ́ yín."

Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì àgbà náà ṣì wà níbẹ̀, orí rẹ̀ ti funfun, ó kù díẹ̀ kí ó fẹ̀yìntì. Ó fi omi fọ ojú egbò náà, ó dì í. Ó wo ẹ̀yìn orúnkún ọmọ náà. Ó bèèrè ohun tí wọ́n ń fi pa á, bàbá sì yọ ọ́ jáde nínú àpò. Obìnrin náà ka ara rọ́bà náà, ó gbé e kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wo ẹsẹ̀ bàbá, ó rí sìmẹ́ńtì tí ó gbẹ mọ́ ọn.

"Ẹ̀yin lẹ ń mọ búlọ́ọ̀kù lójú títì yẹn?"

"Èmi ni, mà."

"Èyí tí ẹ mọ lánàá, ẹ ti bomi rin ín lónìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Láàárọ̀ kùtù."

"Oògùn wo ló wà nínú omi yẹn?"

Bàbá ní, "Kò sóògùn níbẹ̀, mà. Omi lásán…" Kò parí rẹ̀.

"Ó ti tó ọdún mélòó tẹ́ ẹ ti ń bomi rin búlọ́ọ̀kù?"

"Ọdún méjìlélógún."

"Ẹ ò fo ọjọ́ kan rí?"

Ọmọ náà ni ó dáhùn fún un láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Wọn kì í fò ó, mà."

Ọkùnrin náà dìde, ó gbá rọ́bà náà mú. Ó ní òun ń lọ jù ú sínú ilé ìgbẹ́, òun ń lọ dáná sun gbogbo èyí tí ó wà nílé. Nọ́ọ̀sì gba nǹkan náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ jókòó. Tẹ́ ẹ bá já a gbà lára ẹ̀ lójijì báyìí, gbogbo ara ẹ̀ ni yóò gbaná. Díẹ̀díẹ̀ la ó fi bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, dókítà awọ ara ló sì máa ṣe é. Nǹkan yìí kì í ṣọ̀tá yín, bàbá. Ó ṣe é bí mo ṣe sọ lọ́jọ́ kìíní: ó paná. Ẹ̀yin lẹ ní kó máa gbélé."

Wọ́n lọ rí dókítà. Oṣù púpọ̀ ni wọ́n fi ń dín ìpara náà kù. Egbò náà jinná, ó fi àpá sílẹ̀, ó fẹ̀ bí ewé. Àléfọ́ náà dín, nítorí òrí tí ó ń bá ara pàdé láràárọ̀. Ṣùgbọ́n dókítà sọ fún wọn pé àwọn ìlà ẹ̀yìn orúnkún yẹn, awọ tí ó bá ti sán báyẹn kì í padà dán bíi ti tẹ́lẹ̀. A lè tọ́jú ohun tí ó kù. Ohun tí ó lọ ti lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n dé láti ọ̀dọ̀ dókítà, bàbá ra òrí, ó kún ike bámúbámú. Ó pọn omi sílẹ̀ fún ọmọ náà. Nígbà tí ọmọ náà wẹ̀ tán, ó gbé àpótí kan síta, ó jókòó, ó pè é.

"Àjọkẹ́, wá kí n bá ọ pa á."

Ọmọ náà dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Kò bínú. Kò sọ̀rọ̀ àfojúdi. Ó na apá tí a kò dì, ó gba ike náà.

"Ẹ ṣé, Bàbá. Mo ti dàgbà. Màá máa pa á fúnra mi."

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Bàbá gbọ́ bí ó ṣe fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Ó jókòó lórí àpótí náà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì wà lórí itan rẹ̀ bí ọwọ́ ẹni tí ó ń retí ẹrù.

Ọmọ náà ń pa á láàárọ̀, ó ń pa á nírọ̀lẹ́. Kò fo ọjọ́ kan. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ni ó ti kọ́ ọ, nídìí búlọ́ọ̀kù.

Nígbà tí ó parí ilé ẹ̀kọ́, ó lọ gbé lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀. Ó máa ń wá kí bàbá rẹ̀ nígbà ọdún. Á kúnlẹ̀ kí i dáadáa, apá aṣọ rẹ̀ á gùn dé ọrùn ọwọ́, á bèèrè àlàáfíà rẹ̀, á gbé ohun tí ó rà wá kalẹ̀. Kì í na ọwọ́ sí i. Bàbá náà kì í na tirẹ̀.

Ọkùnrin náà ti darúgbó. Kò mọ búlọ́ọ̀kù mọ́. Àwọn aládùúgbò ń rí i láràárọ̀ tí ó jókòó síwájú ilé, tí ó ń fi òrí pa àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, ọ̀tún lé òsì, òsì lé ọ̀tún. Ọwọ́ náà ti rọ̀ báyìí. Ó rọ̀ bí ọwọ́ ìyá ọlọ́mọ. Kò sí ẹni tí yóò fi pa.

Arákùnrin mi, o wọlé tọ̀ mí lẹ́yìn ìpàdé àdúrà ní ọjọ́rú. O ní kò sí ìbáwí tí o kò tíì fi tọ́ ọmọ rẹ. O ní bí o bá bá a wí, ọjọ́ mẹ́ta ni yóò fi tọ́, yóò tún wọ́ padà. O ní lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, bí o bá wọ yàrá, ọmọ náà á jáde níbẹ̀. O wá ní kí n kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ tí ó le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, tí yóò wọ ọmọ náà lára. Mo wo ojú rẹ, ẹ̀rù sì bà mí, nítorí páálí tí ó ní àwòrán obìnrin pípọ́n ni o ń bèèrè lọ́wọ́ mi.

N kò sọ pé ìbáwí burú. Ọlọ́run ni ó fi í lélẹ̀, ìgbà tí ilé bá ń jó ni a ń pè é, àánú sì ni nígbà náà. Ẹni tí ó kọ̀ ọ́ ní ọjọ́ iná kò fẹ́ràn ọmọ. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni o sọ ọ̀rọ̀ tí kò ní oògùn nínú sí ọmọ rẹ gbẹ̀yìn? Ṣé o ti jẹun? Wá jókòó tì mí. Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan? Ọ̀rá lásán ni. A kì í fi jẹ́rìí nínú ìjọ. Ìrì pẹ̀lú kì í pariwo. N kò tíì rí ẹni tí ó dìde ní ọjọ́ Ìsinmi láti dúpẹ́ nítorí ìrì, bẹ́ẹ̀ Olúwa kò fo àárọ̀ kan kí Ó má sẹ̀ ẹ́ sórí oko wa. Nínú gbogbo ọjọ́ tí Ó fi ń bá wa lò, mélòó ni Ó fi bá wa wí? Ìyókù, kí ni Ó ń ṣe, bí kì í bá ṣe pé Ó ń kẹ́ wa?

Mo sì mọ̀ pé o lè ṣe é. Mo ń kọjá níwájú ilé rẹ láàárọ̀. Kò sí ọjọ́ tí n kì í rí ọ tí o ń fi aṣọ rírọ̀ nu mọ́tò yẹn, o ń fẹ́ eruku kúrò lójú dígí rẹ̀ bí ẹni ń fẹ́ ojú ọmọ tuntun. O kò fo ọjọ́ kan.

O sọ fún mi pé ọmọ náà ń bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Ó ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò kan, ó ti di ẹjọ́, o sì ti ń to ọ̀rọ̀ tí o máa sọ jọ láti ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Mo bẹ̀ ọ́ lórúkọ Ẹni tí ó rà wá padà, gbé ọ̀rọ̀ náà sínú àpò. Lọ́jọ́ náà, jókòó tì í. Yóò ṣe ọ́ bákan, nítorí pé ọwọ́ rẹ ti le, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é mọ́. Yóò họ ọmọ náà. Ọmọ náà á wo ojú rẹ, á máa retí ìgbà tí oògùn yóò jáde. Fi pa á bẹ́ẹ̀ náà. Tún fi pa á lọ́jọ́ kejì. Ọmọ a máa fara da ọwọ́ tí ó ń họ, bí ó bá ń kàn án lójoojúmọ́. Ọwọ́ tí ó jẹ́ pé ọjọ́ ewu nìkan ni ó ń dì í mú ni awọ rẹ̀ ń bó sí.

Má sọ fún mi pé o ń dúró kí ọwọ́ rẹ kọ́kọ́ rọ̀. Ti ọkùnrin yẹn ti rọ̀. Lọ bá ọmọ rẹ nígbà tí kò tíì fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn rẹ̀.